Wáìnì Ilẹ̀ Spéìn àti Oúnjẹ tí Ó Bá A Mu

A mọ̀ dájú pé ẹnu yóò ya àwọn kan nínú yín nígbà tí ẹ bá rí àkọlé ọ̀rọ̀ wa ti oṣù yìí. Ẹ ó bi wá pé: Kí ni ó kan ìwé ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí àṣà ilẹ̀ wa pẹ̀lú ọtí àwọn ará Spéìn? Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò sì jìnnà. Ọtí wáìnì ti wọ àárín wa. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn lọ síbi ìnáwó ńlá kan ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn lóde òní kí ó má bá ìgò rẹ̀ lórí tábìlì. Àlejò tí ó bá sì ti wọ ilé ẹni, tí ó jókòó, tí ó ń bá wa jẹun, ó yẹ kí a mọ ìdílé rẹ̀. Àwọn tí ẹ̀sìn wọn tàbí ìlera wọn kò fún láyè láti mu ọtí, a kò pè wọ́n síbi mímu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ní í sọ kàn wọ́n pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orúkọ ni, ju ọ̀rọ̀ ọtí lásán lọ.

Èrò wa ni èyí: ẹni tí ó bá fẹ́ mọ wáìnì Spéìn, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó rẹ̀ tàbí láti orí ẹwà ìgò rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tí ó ti wá, àti oúnjẹ tí àwọn ará ilẹ̀ náà ń jẹ. Àwọn àgbà wa ní, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ará Spéìn ń wo ilẹ̀ kí wọ́n tó sọ wáìnì wọn lórúkọ. Láàrín wa, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni “ọtí pupa” tàbí “ọtí funfun,” bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá wí pé ọbẹ̀ ni gbogbo ọbẹ̀, tí kò mọ ìyàtọ̀ gbẹ̀gìrì sí ẹ̀fọ́ rírò, ṣé a lè sọ pé ó mọ oúnjẹ wa?

Kò sí orílẹ̀-èdè kan ní ayé tí ọgbà àjàrà rẹ̀ fẹ̀ tó ti Spéìn. Ó lé ní 900,000 hẹ́kítà. Ilẹ̀ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè ní ìwà kan ṣoṣo. Ibìkan ń bẹ níbẹ̀ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dá. Ibòmíràn gbẹ, oòrùn sì ń pa á. Ibòmíràn jẹ́ òkè gíga tí ọ̀sán rẹ̀ gbóná, tí òru rẹ̀ sì tutù nini. Ẹ jẹ́ kí a rìn yí ká díẹ̀.

Ní igun àríwá ìwọ̀-oòrùn ni Galicia wà, létí òkun Àtìláńtíìkì. Òjò pọ̀ níbẹ̀, ewé sì tutù yọ̀yọ̀. Èso àjàrà tí wọ́n ń pè ní Albariño ni olórí ohun ọ̀gbìn ọtí wọn ní ẹkùn Rías Baixas, ẹkùn tí a fi òfin dá orúkọ rẹ̀ mọ̀ ní ọdún 1988. Nítorí ọ̀rinrin ilẹ̀ náà, wọ́n máa ń gbé ẹ̀ka àjàrà sókè lórí òpó tí a fi òkúta líle gbẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀, kí èso má baà rà. Wáìnì funfun ni ó ń ti ibẹ̀ wá. Ó mọ́, ó sì kan díẹ̀ bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Kí ni àwọn ará ibẹ̀ ń fi mu ún? Ohun tí òkun ń fún wọn ni: akàn, edé, àwọn ẹran inú ìkarahun, àti ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní pulpo. Wọn a bọ pulpo náà kí ó rọ̀, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a bù iyọ̀ sí i pẹ̀lú òróró ólífì àti ata pupa gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná. Kíkan wáìnì náà ń ṣe fún ẹran omi ohun tí omi ọsàn ń ṣe fún ẹja yíyan: ó ń gé ọ̀rá, ó sì ń jí adùn dìde.

Bí a bá wá kọjá sí ìhà ìlà-oòrùn, tí a sì dé etí odò Ebro, a ó bá Rioja. Láti inú èso àjàrà Tempranillo ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wáìnì pupa ibẹ̀ ti ń wá. Ìtàn Rioja yẹ fún àfiyèsí wa. Ní nǹkan bí ọdún 1860 sí 1870, kòkòrò kékeré kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ gbòǹgbò àjàrà ní ilẹ̀ Faransé, ó sì ba ọgbà wọn jẹ́ púpọ̀púpọ̀. Àwọn oníṣòwò Bordeaux kò rí ọtí tó tà mọ́, ni wọ́n bá kọjá òkè wá sí Rioja láti wá rà á. Ọgbọ́n títọ́jú wáìnì sínú àgbá kékeré tí a fi igi óákù kàn, èyí tí àwọn kan ti mú ti Bordeaux wá sí Rioja ṣáájú àkókò yìí, wá gbilẹ̀ níbẹ̀. Kòkòrò náà dé ọ̀dọ̀ àwọn náà ní òpin ọ̀rúndún yẹn, wọ́n sì ní láti lọ́ àjàrà wọn mọ́ gbòǹgbò ti Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò lè pa. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbá ti di tiwọn. Ní ọdún 1925, a fi òfin dá orúkọ Rioja mọ̀. Ní 1991, òun ni ó kọ́kọ́ gba ipò tí ó ga jù lọ nínú òfin wáìnì Spéìn.

Ẹ kíyè sí ohun tí a kọ sára ìgò Rioja, nítorí pé òfin ni ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí wáìnì pupa bá jẹ́ Crianza, ó ti pé ọdún méjì ó kéré tán, ó sì ti lo ọdún kan nínú àgbá. Bí ó bá jẹ́ Reserva, ọdún mẹ́ta ni, pẹ̀lú ọdún kan nínú àgbá. Gran Reserva kò gbọdọ̀ dín ní ọdún márùn-ún, ó sì gbọ́dọ̀ lo méjì nínú rẹ̀ ní inú àgbá. Wáìnì yìí ní ohun kan tí ń mú ẹnu gbẹ, bí ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tán. Ọ̀rá ẹran ni ó ń tù ú. Nítorí náà ni àwọn ará Rioja ṣe ń fi ẹ̀ka àjàrà tí wọ́n ti gé dáná, tí wọ́n sì ń yan ìhà ọ̀dọ́ àgùntàn lórí ẹyin iná rẹ̀. Igi kan náà tí ó so èso ọtí ni ó tún se ẹran tí a fi ń mu ọtí náà. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Rioja, létí odò Duero, níbi tí ọgbà àjàrà wà lórí ilẹ̀ gíga tí ó tó nǹkan bí 800 mítà, èso Tempranillo kan náà ń so wáìnì tí ó ṣú tí ó sì le ju ti Rioja lọ. Ọ̀dọ́ àgùntàn tí kò tíì jẹ koríko rí, tí a yan nínú ààrò amọ̀, ni àwọn ará Castile ń gbé kalẹ̀ síwájú rẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ bá wa kálọ sí ìhà gúúsù pátápátá, sí Jerez, ní ilẹ̀ Andalusia. Ìlú mẹ́ta ni ó di ọ̀rọ̀ yìí mú: Jerez de la Frontera, Sanlúcar de Barrameda, àti El Puerto de Santa María. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun bí ẹfun; bí òjò bá rọ̀, ó máa ń fa omi mu, ó sì ń pa á mọ́ fún gbòǹgbò àjàrà títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi kọjá. Láti inú èso Palomino ni wọ́n ti ń ṣe wáìnì tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sherry. Nígbà tí ọtí náà bá ti hó tán, wọ́n sábà máa ń fi ọtí líle díẹ̀ kún un, wọn a sì rọ ọ́ sínú àgbá láìkún. Àgbá tí ó gba lítà 600, 500 péré ni wọn yóò rọ sí i. Àyè tí ó ṣẹ́kù náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, nítorí níbẹ̀ ni ìwúkàrà kan ti ń hù bo ojú ọtí bí aṣọ funfun. Òdòdó ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. Ìwúkàrà náà kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan ọtí, òun ni ó sì ń fún Fino àti Manzanilla ní adùn gbígbẹ wọn. Èyí tí kò ní ìwúkàrà lójú, tí afẹ́fẹ́ ń kàn, a pọ́n bí igi, a sì máa ta sánsán bí ẹ̀pà sísun. Oloroso ni wọ́n ń pè é.

Ọgbọ́n mìíràn tún ń bẹ níbẹ̀ tí ó wú wa lórí gidigidi. Wọ́n to àgbá ní ìpele-ìpele. Nínú ìpele tí ó dàgbà jù ni wọ́n ti ń fa ọtí tí wọn yóò tà, ṣùgbọ́n wọn kì í fà á tán. Wọn a fi ti ìpele tí ó tẹ̀lé e dí àyè náà, wọn a sì fi ti ìpele ẹ̀yìn rẹ̀ dí tìyẹn, bẹ́ẹ̀ títí dé orí ọtí tuntun. Nípa báyìí, àgbà kì í tán nínú àgbá. Ọtí ọmọdé ń wọ inú ti àgbà, ó sì ń kọ́ ìwà rẹ̀.

Oúnjẹ Jerez kò ṣòro. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a yí nínú ìyẹ̀fun tí a sì dín, edé Sanlúcar tí a bọ̀ nínú omi iyọ̀, èso ólífì, èso álímọ́ńdì tí a dín, àti itan ẹlẹ́dẹ̀ dúdú tí ó ti jẹ èso igi óákù yó, tí a fi iyọ̀ pa, tí a sì fi kọ́ sínú afẹ́fẹ́ fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fino tútù ni a ń mu sí àwọn wọ̀nyí. Ọbẹ̀ ìrù màlúù tí a sè pẹ́ ni a ń fi Oloroso mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá ra Fino, kí ó mu ún tutù, kí ó sì mu ún tán láàrín ọjọ́ díẹ̀ tí ó ti ṣí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n sì wá ń sọ pé kò dùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa fi kan ẹgbẹ́ wa gan-an ni a dé yìí. Sherish ni àwọn Mùsùlùmí tí ó jọba ní Andalusia ń pe Jerez. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì yí i padà sí Sherry. Wọ́n fẹ́ràn ọtí náà débi pé nígbà tí Francis Drake kọlu Cádiz ní ọdún 1587, ọ̀pọ̀ àgbá rẹ̀ ni ó kó lọ sílé. Nígbà tí ó ṣe, àwọn oníṣòwò kan bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọtí mìíràn níbòmíràn, wọ́n sì ń tà á lórúkọ Sherry. Àwọn ará Jerez kò dákẹ́. Wọ́n ti gba ìwé òfin ẹkùn wọn ní ọdún 1935. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní London, ní ọdún 1967 adájọ́ sì gbà pé wáìnì Jerez ni Sherry tòótọ́. Ṣùgbọ́n ó gba àwọn Gẹ̀ẹ́sì láyè láti máa pe tiwọn ní “British Sherry,” nítorí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá wọn wí. Ẹ wo ohun tí ìdákẹ́ ń fà! Ìgbà tí ó di ọdún 1996 ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó fi gbogbo orúkọ náà lé àwọn ará Jerez lọ́wọ́.

A kò ní tìtorí èyí fi àwọn ará Spéìn ṣe ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Ní Catalonia, láti ọdún 1872, ni ilé Codorníu ti ń ṣe wáìnì tí ń hó nínú ìgò bí ti Champagne. Wọ́n ń tà á lórúkọ Champagne títí tí àwọn ará Faransé fi pe àwọn tí ń tà á ní ẹjọ́, tí wọ́n sì borí ní London ní 1960. Kí ni àwọn ará Catalonia wá ṣe? Wọ́n wo ilé ara wọn. Wọ́n mú orúkọ ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú ọtí sí, wọ́n sì sọ ọtí náà ní Cava. Lónìí orúkọ náà ti tó orúkọ. Ẹni tí ó bá jí orúkọ lò, ẹlòmíràn ni ó ń bá polówó.

Ẹnìkan lè wí pé: Ṣé Spéìn yìí kọ́ ni ó ń kó àwọn ènìyàn wa ṣẹrú ní Kúbà, tí oko ẹrú kò sì parí níbẹ̀ títí di ọdún 1886? Òun ni, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí àwọn ará wa wọ̀nyẹn, tí a ń pè ní Lukumí, ṣe lábẹ́ pàṣán. Wọ́n di orúkọ Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja mú, wọ́n sì fi lé ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn lọ́wọ́. Àwọn tí a dè mọ́lẹ̀ kò sọ orúkọ nù. Àwa tí a wà ní ilé bàbá wa ńkọ́?

Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó lè sọ ìyàtọ̀ ẹmu sí ògùrọ̀? Mélòó ni ó ti tọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo ṣe wò, tàbí ọtí bàbà, tàbí àgàdàgídí tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ṣe? Ìjọba amúnisìn ka sísè ògógóró sí ẹ̀ṣẹ̀, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń gba owó-bodè lórí ọtí jíìnì tí a ń kó wọlé láti òkè òkun. Ìjọba náà ti lọ, ṣùgbọ́n ìtìjú tí ó fi bo ọtí wa kò tíì lọ tán. Síbẹ̀, ọgbọ́n tí a yìn lọ́dọ̀ àwọn ará Spéìn kò ṣàjèjì sí àwọn bàbá wa. Ẹlẹ́mu mọ igi tí ẹmu rẹ̀ dùn. Ó mọ̀ pé ẹmu àárọ̀ dùn bí oyin, pé ti ìrọ̀lẹ́ le, ó sì ń kan. Ó sì mọ̀ pé iṣu sísun àti epo pupa ni ẹnìkejì rẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí òfin tí ó dúró tì í.

A kò ní kí a lé wáìnì kúrò nílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu ún, kí ó fi ọgbọ́n mu ún, kí ó sì fi ìwọ̀n sí i. Bí oúnjẹ wa bá ní ata púpọ̀, kí a má ṣe gbé wáìnì pupa líle tí ó ti pẹ́ nínú àgbá sí i, nítorí pé agbára ọtí náà a máa dá kún títa ata, gbígbẹ rẹ̀ a sì máa korò lẹ́nu. Manzanilla tútù ni kí a fi jẹ àkàrà gbígbóná àti ẹja díndín. Albariño yóò bá ẹja tútù àti edé mu dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ẹran yíyan tí ata rẹ̀ kò pọ̀jù, wáìnì aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí àwọn ará Navarra ń fi èso Garnacha ṣe, tí a mu tutù, yóò sìn ín lọ láìjà.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá dé ìlú rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́mu àti àwọn ìyá tí ń pọn ọtí, kí ó kọ orúkọ ọtí ìlú náà sílẹ̀, bí a ti ń ṣe é, àti oúnjẹ tí a fi ń mu ún, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí wa. Èkejì, ní gbogbo àpèjẹ ẹgbẹ́ wa, kí ọtí ilẹ̀ wa máa ṣáájú, kí ti àlejò sì máa tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta, kí a rọ àwọn aṣòfin wa pé kí wọ́n fi òfin dáàbò bo orúkọ ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ wa lọ́wọ́ kí a tó sọ̀rọ̀. Ẹ ti rí i nínú ọ̀rọ̀ Jerez pé ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó pariwo, ìdajì ni adájọ́ ń fún un.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àlejò tí ó bá bá wa ní ilé tí a ti tọ́jú yóò mọ̀ pé ilé onílé ni òun wọ̀, yóò sì bọ̀wọ̀ fún un. À ń retí lẹ́tà yín láti ìlú gbogbo.